Web framework lórí kláòdù serverless

Serverless jẹ́ ọ̀nà kan tí à ń gbà ṣiṣẹ́ áàpù lórí kláòdù, láìjẹ́ pé ẹni tó kọ áàpù náà ni yóò ra sáfà, tàbí tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni kláòdù ni yóò jí kóòdù náà nígbà tí ìbéèrè bá dé, tí yóò sì pa á nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń lò ó. Iye ìbéèrè àti ìwọ̀n àkókò tí kóòdù fi ṣiṣẹ́ ni oníbàárà ń sanwó fún. Web framework ni àkójọ kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi kọ́ ojú-òpó, kí olùṣètò má baà bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan láti orí òfo. Lára wọn ni Django, Flask, Laravel, Express àti Next.js.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí irú áàpù bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí serverless àti bí a ṣe lè mú kí ó yá. Ó fi Oniru, ní etí òkun Èkó, ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí ni pé okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun gúnlẹ̀ sí etí òkun yìí kan náà, síbẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni sáfà tó ń dá àwọn ará ibẹ̀ lóhùn sábà máa ń wà.

Orúkọ

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí a bá tú u sí "àìní-sáfà", ìtumọ̀ tí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "àì-" gbé wá ni pé sáfà kò sí rárá, gẹ́gẹ́ bí "àìlówó" ṣe túmọ̀ sí pé owó kò sí. Bẹ́ẹ̀, sáfà wà. Ohun tí kò sí ni àkóso rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, nítorí náà "àìṣàkóso-sáfà" súnmọ́ òótọ́ ju "àìní-sáfà" lọ. Serverless ni a lò nínú àpilẹ̀kọ yìí nítorí pé òun ni àwọn olùṣètò ń pè é. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè lásán. Ẹni tó bá gbàgbé pé sáfà wà yóò gbàgbé láti béèrè ibi tí ó wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìdádúró ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn

Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, Google gbé App Engine jáde, èyí tó jẹ́ kí àwọn olùṣètò gbé áàpù Python sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfọwọ́ kan sáfà kankan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Amazon Web Services (AWS) kéde Lambda, ó sì sọ èrò náà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní àkọ́kọ́, iṣẹ́ kékeré ni wọ́n ń fi Lambda ṣe, bíi kí a dín fọ́tò kù nígbà tí ẹnìkan bá gbé e sókè. Nígbà tí API Gateway jáde ní oṣù keje ọdún 2015, ó ṣeé ṣe láti fi Lambda dá ìbéèrè ojú-òpó lóhùn, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé odindi framework sí i. Microsoft gbé Azure Functions jáde ní ọdún 2016, Cloudflare kéde Workers ní ọdún 2017, Google náà sì gbé Cloud Run jáde ní ọdún 2019.

Ní Áfíríkà, Microsoft ṣí ẹkùn kláòdù sí Gúúsù Áfíríkà ní oṣù kẹta ọdún 2019, AWS ṣí tirẹ̀ sí Cape Town ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Google sì ṣí ti Johannesburg ní ọdún 2024. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, AWS ṣí Local Zone sí Èkó. Local Zone jẹ́ ẹ̀ka kékeré tó so mọ́ ẹkùn ńlá, ti Èkó sì so mọ́ Cape Town. Ènìyàn lè yá sáfà lásán níbẹ̀, ṣùgbọ́n Lambda kò sí lára ohun tí ó ń tà. Nítorí náà, áàpù Django tó wà lórí Lambda kò lè jókòó sí Èkó gan-an.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí ẹnìkan ní Oniru bá ṣí ojú-ewé kan lórí fóònù rẹ̀, ìbéèrè náà yóò kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà kan lórí kláòdù, bíi API Gateway. Kláòdù yóò wò ó bóyá yàrá kan wà tí kóòdù náà ti jí kalẹ̀ sí. Bí yàrá bẹ́ẹ̀ bá wà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀, ibẹ̀ ni ìbéèrè yóò lọ. Bí kò bá sí, kláòdù yóò ṣí yàrá tuntun. Yóò gbé kóòdù wá, yóò tan Python, PHP tàbí JavaScript tí a fi kọ ọ́, yóò ka framework sínú mẹ́mọ́rì, lẹ́yìn náà ni yóò tó dáhùn.

Lórí Lambda, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yàrá kan ń dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìbéèrè 200 bá dé ní àkókò kan náà, yàrá 200 ni yóò ṣí. Ààlà tí AWS fi lélẹ̀ ni 1,000 nínú ẹkùn kan, ó sì lè kéré sí i fún àkáǹtì tuntun. Cloud Run yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé yàrá kan lè gba ìbéèrè 80 pọ̀ bí a kò bá yí i padà, ó sì lè tó 1,000. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ dátábéèsì.

Àwọn ààlà mìíràn wà lórí Lambda:

- Iṣẹ́ kan kò lè kọjá ìṣẹ́jú 15.
- Mẹ́mọ́rì kò lè kọjá 10,240 MB.
- Kóòdù tí a dì gẹ́gẹ́ bí fáìlì zip kò lè ju 250 MB lọ lẹ́yìn tí a bá tú u. Èyí tí a dì gẹ́gẹ́ bí kọ̀nténà lè tó 10 GB.
- Èsì tí a fi ránṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ ju 6 MB lọ.
- API Gateway kì í dúró de èsì ju ìṣẹ́jú-àáyá 29 lọ, àyàfi tí a bá béèrè fún àfikún níbi tí ó ti ṣeé ṣe.

Bí framework ṣe ń bá a gbé

Nígbà tí wọ́n kọ Django jáde ní ọdún 2005 àti Laravel ní ọdún 2011, èrò àwọn tó kọ wọ́n ni pé orí sáfà tí kì í sùn ni wọn yóò wà. Django ń retí kí olùpín ìbéèrè kan wà níwájú òun nígbà gbogbo, Laravel sì ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú fódà tí ó gbà pé yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́la. Serverless kò ṣe ìlérí kankan nínú méjèèjì. Nítorí èyí, a nílò agbèfọ̀ kan tí yóò sọ ìbéèrè tí kláòdù gbé wá di irú èyí tí framework mọ̀, tí yóò sì dá èsì padà lọ́nà tí kláòdù gbà.

- Fún Python, Zappa ń ṣe agbèfọ̀ fún Django àti Flask, Mangum sì ń ṣe é fún FastAPI àti àwọn framework mìíràn tó ń lo ìlànà ASGI.
- Fún PHP, Bref àti Laravel Vapor ni ọ̀pọ̀ ń lò.
- Fún JavaScript, serverless-http ń gbé Express sórí Lambda.
- Lambda Web Adapter, tí AWS ṣe, ń jẹ́ kí a gbé framework tó bá ti lè gbọ́ ìbéèrè HTTP lọ láìyí kóòdù rẹ̀ padà púpọ̀.

Cloud Run kò nílò agbèfọ̀. Bí áàpù bá ti wà nínú kọ̀nténà, tó sì ń gbọ́ lórí pọ́ọ̀tù tí a yàn fún un, ó ti tó.

Mímú kí áàpù yá

Cold start

Cold start ni ìdádúró tó máa ń wáyé nígbà tí kláòdù ní láti ṣí yàrá tuntun. Ó dà bí bùkà tí iná rẹ̀ ti kú. Oníbàárà àkọ́kọ́ ni yóò dúró kí wọ́n tó dáná, àwọn tó tẹ̀ lé e yóò bá ìkòkò lórí iná. Bí ó ti yani lẹ́nu tó, áàpù kékeré ni ìyà yìí ń jẹ jù. Áàpù tí èrò kì í dá lórí rẹ̀ sábà máa ń ní yàrá tó jí, ṣùgbọ́n ojú-òpó ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ìjọ kan tí ènìyàn márùn-ún ń wò láàárín wákàtí kan lè jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá iná tó ti kú.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ yẹ kí a gbà ni kí a dín ohun tí áàpù ń kà nígbà tí ó bá jí kù. Ọ̀pọ̀ áàpù Python ń ka àkójọ kóòdù ńlá bíi pandas ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, nígbà tó jẹ́ pé ojú-ewé kan ṣoṣo ló nílò rẹ̀. Bí a bá gbé ìlà tó ń kà á wọ inú iṣẹ́ tó nílò rẹ̀ gan-an, àwọn ojú-ewé yòókù yóò bọ́. Yíyọ áàpù Django tí a kò lò kúrò nínú INSTALLED_APPS, àti lílo "config:cache" àti "route:cache" ní Laravel kí a tó gbé e lọ, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀nà kejì ni kí a sanwó kí iná má kú. Láti oṣù kejìlá ọdún 2019 ni Lambda ti ní Provisioned Concurrency, tí ń mú kí iye yàrá tí a yàn wà ní ìmúrasílẹ̀, Cloud Run sì ní "min-instances". Ọ̀nà kẹta ni SnapStart, tí ń ya àwòrán mẹ́mọ́rì yàrá tó ti jí tán, tí yóò sì fi àwòrán náà ṣí àwọn yàrá tuntun. AWS gbé e jáde fún Java ní ọdún 2022, ó sì fi Python àti .NET kún un ní ọdún 2024.

Mẹ́mọ́rì

Lórí Lambda, agbára ìṣirò ń bá mẹ́mọ́rì rìn. Ẹni tó yan 1,769 MB ní agbára tó tó odindi vCPU kan, ẹni tó yan 512 MB sì ní ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, yíyan mẹ́mọ́rì tó kéré jù kì í fi ìgbà gbogbo dín owó kù. Bí iṣẹ́ kan bá gba mìlísẹ́kọ́ndì 800 pẹ̀lú 512 MB, tí ó sì gba 400 pẹ̀lú 1,024 MB, iye kan náà ni owó àkókò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró ti jèrè ìdajì. Iṣẹ́ tó kàn ń dúró de èsì dátábéèsì kò ní yá nítorí pé a fi mẹ́mọ́rì kún un. Wíwọ̀n ún ní mẹ́mọ́rì oríṣiríṣi ni ọ̀nà tó dájú láti mọ̀.

Dátábéèsì

PostgreSQL ń gba ìsopọ̀ 100 lẹ́ẹ̀kan náà bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Lórí sáfà kan ṣoṣo, èyí tó. Lórí Lambda, bí ìbéèrè 300 bá dé pọ̀, yàrá 300 ni yóò ṣí, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì fẹ́ ìsopọ̀ tirẹ̀. Dátábéèsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé èrò padà, bẹ́ẹ̀ kóòdù kò ṣẹ̀. Ohun tí a fi ń tún un ṣe ni alárinà tó ń pín ìsopọ̀ díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ yàrá, bíi PgBouncer tàbí RDS Proxy. A tún lè fi ààlà sí iye yàrá tó lè ṣí, kí ìbéèrè tó pọ̀ jù dúró níta dípò kí ó wó dátábéèsì lulẹ̀.

Fáìlì

Fódà /tmp nìkan ni Lambda gba kí áàpù kọ nǹkan sí, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè pòórá nígbàkígbà tí yàrá bá tì. Fọ́tò tí oníbàárà gbé sókè gbọ́dọ̀ lọ sí ibi ìpamọ́ bíi S3. Àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé gbọ́dọ̀ wà nínú dátábéèsì tàbí Redis, nítorí pé yàrá tó dáhùn nísinsìnyí lè má jẹ́ èyí tí yóò dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà jíjìn: àpẹẹrẹ Oniru

Ibi tí okùn gúnlẹ̀ sí

Oniru wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Eti-Osa, lórí ilẹ̀ Iru, láàárín Victoria Island àti Lekki Phase 1, òkun Àtìláńtíìkì sì wà ní ìhà gúúsù rẹ̀. Etí òkun Èkó yìí ni ọ̀pọ̀ jù nínú íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ń gbà wọlé. Okùn Glo-1 gúnlẹ̀ sí Alpha Beach ní Lekki ní ọdún 2009. MainOne, tó gùn tó nǹkan bí 7,000 km láti Pọ́túgà wá sí Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, WACS sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2012. Equiano ti Google, tí wọ́n fi orúkọ Olaudah Equiano sọ, gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní ọdún 2015, MainOne ṣí ibùdó dátà ńlá kan sí Lekki lábẹ́ orúkọ MDXi. Ilé-iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà sì ra MainOne ní 320 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 2022.

Ìṣirò

Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 km ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú okùn fáíbà. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo 1,000 km ń gba mìlísẹ́kọ́ndì 10 ní àlọ àti àbọ̀. Láti Èkó dé Pọ́túgà lórí okùn tó gùn ní 7,000 km, àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní mìlísẹ́kọ́ndì 70. Cape Town jìnnà sí Èkó ju 4,700 km lọ ní ìlà tààrà, nítorí náà kò lè dín ní 47. Kò sí kóòdù tó lè dín iye yìí kù.

Kí fóònù tó gba ojú-ewé kan, ó sábà máa ń ṣe àlọ àti àbọ̀ mẹ́ta: ọ̀kan láti ṣí ìsopọ̀, ọ̀kan láti fìdí ààbò HTTPS múlẹ̀ pẹ̀lú TLS 1.3, àti ọ̀kan láti béèrè ojú-ewé fúnra rẹ̀. Bí sáfà bá wà ní Pọ́túgà, mìlísẹ́kọ́ndì 210 ti lọ kí a tó ka iṣẹ́ Django rárá. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan dín iṣẹ́ kóòdù kù láti mìlísẹ́kọ́ndì 60 sí 40 ti ṣe iṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ará Oniru kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Àṣìṣe tó burú jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni kí a ya kóòdù àti dátábéèsì nípá. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé dátábéèsì wà ní Lekki, kóòdù sì wà lórí Lambda ní Yúróòpù. Ojú-ewé kan tó ń béèrè nǹkan 20 lọ́wọ́ dátábéèsì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, yóò ná ó kéré tán 20 × 70, èyí tí í ṣe mìlísẹ́kọ́ndì 1,400. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú ẹkùn kan náà, ìbéèrè 20 náà lè má gba ju mìlísẹ́kọ́ndì 20 sí 40 lọ. Láti inú èyí ni ìlànà mẹ́ta ti jáde:

- Kí kóòdù àti dátábéèsì wà níbi kan náà, ibikíbi tí ó wù kí ibẹ̀ jẹ́.
- Kí a dín iye ìgbà tí ojú-ewé kan ń lọ bá dátábéèsì kù. Ní Django, select_related àti prefetch_related ni a fi ń ṣe é. Ní Laravel, "with" ni.
- Kí ohun tí kì í yí padà, bíi àwòrán, CSS àti JavaScript, ní ẹ̀dà nítòsí ẹni tó ń lò ó. Cloudflare ní ibùdó ní Èkó. Bí ìbéèrè bá gba ibẹ̀ kọjá, Èkó ni àlọ àti àbọ̀ méjì àkọ́kọ́ yóò parí sí, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni yóò la òkun kọjá.

Ìgbà tí okùn já

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Àwọn ni WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú tàbí falẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Equiano kò sí lára àwọn tó já, orí rẹ̀ ni àwọn kan sì yí ọ̀nà wọn sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá kí wọ́n tó tún gbogbo wọn ṣe tán.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún serverless ṣe kedere. Lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó ṣe Lambda ní Yúróòpù, àtẹ ìṣọ́ olùṣètò lè fi hàn pé ohun gbogbo ń lọ déédéé, síbẹ̀ kí oníbàárà ní Èkó má lè wọlé. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa wọn áàpù láti ibi tí àwọn tó ń lò ó wà gan-an. Iye tí kláòdù kọ sílẹ̀ nípa ara rẹ̀ kò tó.

Ìbéèrè tó dé lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fò, ohun tó léwu ju ìdádúró lọ ni àtúnṣe iṣẹ́ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ bọ́tìnì láti san owó ilé-ìwé. Ìbéèrè dé Lambda, owó kúrò, ṣùgbọ́n èsì sọnù lójú òkun. Fóònù rẹ̀ sọ pé kò yọrí sí rere, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí áàpù kò bá ní ọ̀nà láti mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni, owó yóò kúrò lẹ́ẹ̀mejì. Kláòdù fúnra rẹ̀ ń dá kún un: bí iṣẹ́ tí Lambda ń ṣe lẹ́yìn, láìsí ẹni tó ń dúró de èsì rẹ̀, bá kùnà, Lambda yóò tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i bí a kò bá yí ètò náà padà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí fóònù ṣẹ̀dá nọ́ḿbà ìdánimọ̀ kan fún ìsanwó kí ó tó fi ránṣẹ́, kí ó sì lo nọ́ḿbà kan náà bí ó bá tún gbìyànjú. Dátábéèsì ni yóò di nọ́ḿbà náà mú gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò gbọdọ̀ ní èkejì, pẹ̀lú UNIQUE. Bí ìbéèrè kejì bá dé, áàpù yóò dá èsì ti àkọ́kọ́ padà láìfọwọ́ kan owó. A kò gbọdọ̀ fi àkọsílẹ̀ yìí sínú mẹ́mọ́rì yàrá, nítorí pé yàrá mìíràn ni ìbéèrè kejì lè bá pàdé.

Owó

Ní ẹkùn Virginia ní Amẹ́ríkà, Lambda ń gba 0.20 dọ́là fún ìbéèrè mílíọ̀nù kan, ó sì ń gba 0.0000166667 dọ́là fún GB kan tí a lò fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mílíọ̀nù ìbéèrè kan àti 400,000 GB-ìṣẹ́jú-àáyá jẹ́ ọ̀fẹ́ lóṣooṣù. Iye yìí ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Cape Town.

Ẹ jẹ́ kí a wo áàpù kan tó gba ìbéèrè mílíọ̀nù mẹ́ta lóṣù pẹ̀lú 512 MB, láìka ọ̀fẹ́ mọ́ ọn:

- Bí ìbéèrè kan bá gba mìlísẹ́kọ́ndì 200, yóò lo 300,000 GB-ìṣẹ́jú-àáyá. Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 5 fún àkókò àti 0.60 fún ìbéèrè, àpapọ̀ 5.60.
- Bí dátábéèsì tó jìnnà bá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú-àáyá méjì, yóò lo 3,000,000. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò di dọ́là 50.60.

Lórí serverless, ìdádúró fúnra rẹ̀ ni owó. Yàrá tó jókòó tó ń dúró de èsì láti òkèèrè ń ka mítà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025, AWS ti ń ka àkókò tí yàrá fi ń jí pàápàá mọ́ ọn fún gbogbo irú fọ́ńkíṣọ̀n, nítorí náà cold start tó gùn ti di ìnáwó tó ṣeé rí nínú ìwé owó.

Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò iye náà, èyí sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí ìjọba tó yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 470 náírà ní ọjà ìjọba. Ní òpin ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Áàpù tó ń ná dọ́là 5.60 gòkè láti 2,632 náírà sí 8,400, bẹ́ẹ̀ kò sí ìlà kóòdù kankan tó yí padà. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń gba owó ní náírà, dídín àkókò ìṣiṣẹ́ kù jẹ́ ọ̀kan nínú ìnáwó díẹ̀ tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ó tún yẹ kí a fi ìkìlọ̀ sí iye owó lórí àkáǹtì, kí a sì fi ààlà sí iye yàrá. Kóòdù tó ń pe ara rẹ̀ láìdúró kì í rẹ̀ lórí serverless. Kláòdù yóò máa ṣí yàrá, yóò sì máa kọ gbèsè.

Òfin dátà

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 gbé ìlànà kalẹ̀ nípa gbígbé ìsọfúnni àwọn ènìyàn kúrò ní orílẹ̀-èdè. Nígbà tí olùṣètò bá yan ẹkùn fún Lambda tàbí Cloud Run, orílẹ̀-èdè tí ìsọfúnni oníbàárà rẹ̀ yóò lọ ni ó ń yàn. Ìdí mìíràn nìyí tí ìbéèrè "níbo ni sáfà wà?" kò fi tíì di àtijọ́.

Ìgbà tí kò bá yẹ

Serverless yẹ fún áàpù tí èrò rẹ̀ ń wá tí ó sì ń lọ, bíi ojú-òpó tó ń gbé èsì ìdánwò jáde, tí ó dákẹ́ fún oṣù púpọ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún yóò sì ya lù ú lọ́jọ́ kan. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń gba ju ìṣẹ́jú 15 lọ, fún ìsopọ̀ tí kì í já bíi ti eré orí fóònù, tàbí fún áàpù tí èrò rẹ̀ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà tọ̀sán-tòru. Ní ti irú èyí, sáfà tí a yá lóṣooṣù sábà máa ń dín owó kù.

Fún áàpù tó jẹ́ pé Èkó nìkan ni gbogbo àwọn tó ń lò ó wà, sáfà lásán kan nínú ibùdó dátà Lekki tàbí Local Zone Èkó lè dá ará Oniru lóhùn láìla òkun kọjá rárá. Ẹni tó ni ín yóò tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì jí lóru nígbà tí ó bá kú. Ohun tí olùṣètò ń yàn láàárín wọn nìyí: ìsinmi kúrò nínú ìtọ́jú sáfà, tàbí ìsúnmọ́ àwọn tó ń lò ó. Títí di ìgbà tí irú Lambda tàbí Cloud Run bá ní ibùdó ní Nàìjíríà, áàpù tó bá yan ìsinmi gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n kóòdù dín iye ìgbà tí ó ń la òkun kọjá kù.